Ilé Méjì Tí Kò Ní Ojúde

Màámi, ẹ kú ilé o. Ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìn odi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnira ara, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ṣé orúnkún ti ń gbà kí ẹ dìde lórí ìrun? Mo kí Ìyá Kékeré, àbúrò yín, alábàárò yín. Mo kí Bàbá Sáídù tó ń gba ojúde wa lọ sóko ẹ̀gẹ́ láràárọ̀. Mo kí Ìyá Délé, nọ́ọ̀sì òdìkejì títì. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àdúrà wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti tiwa ní mọ́ṣáláṣí, ibì kan náà ló ń lọ. Gbogbo ẹbí ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí ọmọ yín fi gbé ọ̀rọ̀ ilé jáde síta gbangba báyìí. Ẹ má bínú. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣubú ní balùwẹ̀ ni ẹnu ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yín. Bọ̀dá Ràṣídì pè mí láti Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ẹ ń bọ̀, àwọn ti kun yàrá sílẹ̀. Ìyá Kékeré pè, wọ́n ní ọmọbìnrin ló ń tọ́jú ìyá, pé ọ̀dọ̀ mi ní ìlú ọba ló yẹ yín. Àwọn ará Ìsẹ́yìn náà dá tiwọn sí i. Ìgbà tó yá ni ẹ̀yin fúnra yín wá sọ fún mi lórí fóònù pé, nígbà tó jẹ́ èmi nìkan ni mo ti gbé nílé méjèèjì, kí n sọ ibi tí ilé ti tura jù, ibẹ̀ ni ẹ ó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lọ́rùn mi. Bí mo bá sì sọ ọ́ sí etí ẹnì kan, á ti di méjì kó tó dé etí ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí gbogbo wa lè kà á bákan náà.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń mú lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń wẹ̀ fún ti ibí, mo ń fún ti ọ̀hún lóúnjẹ, mo ń sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹlòmíràn. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi tiwa. Ńṣe ló ń wọ́n bí ẹni ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Ẹ bá mi ka ohun tí mo kọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti rẹ̀, torí mi ò lágbára láti máa fi oyin pa á.

Ilé Bọ̀dá ni kí n kọ́kọ́ sọ. Èmi ni mo lọ dúró fún yín níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó wọn bí Fárídà, torí àìsàn Bàbá, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, kò jẹ́ kí ẹ lè lọ wẹ ọmọ. Mo lò ju ọdún kan lọ. Màámi, ilé yẹn tóbi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jiyàn. Orí ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sí àtẹ̀gùn kankan tí ẹ máa gùn. Yàrá tí wọ́n kùn fún yín ní balùwẹ̀ tirẹ̀ nínú. Ẹnu ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni: bí ẹ bá yí i síbí, omi gbígbóná, bí ẹ bá yí i sọ́hùn-ún, omi tútù, bí ẹ bá dá a sí àárín, á lọ́wọ́ọ́wọ́. Fíríìjì wọn ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń já yìnyín sínú ife. Ẹ̀rọ kan ń fọ aṣọ, èkejì ń gbẹ ẹ́, ẹ ó kó aṣọ jáde ní gbígbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò. Oòrùn ìta ibẹ̀ mú bíi ti Ṣakí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ inú ilé tutù débi pé súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ jẹun. Wọ́n á fi owó mú ilé tutù, wọ́n á tún fi owó ra súwẹ́tà.

Eyín tiẹ̀ wà nínú ihò tí wọ́n ti ń fọ abọ́, tó ń lọ oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù. Ọjọ́ tí mo rí ìyàwó Bọ̀dá tó da ìrẹsì àná síbẹ̀, tí nǹkan náà ń bú ramúramù, àwọn ewúrẹ́ yín ni mo rántí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dà á nù mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹni tí mo lè dárúkọ.

Ilé tèmi wá ńkọ́? Ilé mi fẹ̀gbẹ́ ti ilé ẹlòmíràn, ìyẹn náà fẹ̀gbẹ́ ti òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí àdúgbò. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná, òkè ni ilé ìgbẹ́, àtẹ̀gùn tó wà láàárín wọn sì dúró ṣánṣán bí ẹni ń gun Òkè Aṣabárí. Ẹnu ẹ̀rọ omi méjì ló wà lórí básíà kan ṣoṣo, ọ̀kan ń bó ni lọ́wọ́, èkejì ń gan ni. Mo bi onílé pé kí ló dé tí wọn ò fi so wọ́n pọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a. Okùn ni a ń fà kí iná balùwẹ̀ tó tàn. Ní ọjọ́ tí mo dé, mo fọwọ́ pa ògiri kiri nínú òkùnkùn, mo rò pé agogo ni okùn yẹn, pé bí mo bá fà á, ará àdúgbò á jáde. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, a ò sì ní èyí tó ń gbẹ aṣọ. Orí irin gbígbóná tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni à ń sá aṣọ sí, gbogbo ilé á wá máa rùn bí aṣọ tí òjò pa, ògiri á sì máa bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́. Irin náà pàápàá, àárọ̀ díẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń tàn án. Bí ẹ bá sọ pé òtútù ń mú yín, wọ́n á ní kí ẹ wọ súwẹ́tà kejì.

Mi ò sọ pé àwọn ará ibí ò mọ ìtura o. Tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e dání: ife tíì, rọ́bà tí wọ́n rọ omi gbígbóná sí láti gbé sùn, kúbùsù lórí ẹsẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, ara ògiri ni wọ́n ti kọ́ ọ mọ́ ilé, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Ọ̀rọ̀ tíì yẹn nìkan tó láti fi mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wá. Nílé wa, ohunkóhun tó bá gbóná tí a fi mílíìkì àti ṣúgà sí, tíì ni, ì báà jẹ́ kòkó, ì báà jẹ́ kọfí. Lọ́dọ̀ Bọ̀dá, tíì ń tutù, yìnyín ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní apá àríwá ìlú ọba tí mo wà yìí, tíì tún ń jẹ́ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Màmá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, òyìnbó ni wọ́n, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Jíìn ṣáá. Ẹnu mi kò gbà á, mo fi Màmá ṣáájú rẹ̀. Màmá Jíìn ní kí n yà wá fún tíì lọ́jọ́ kan tí mi ò níṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọmọ tó bá ń lọ sílé onílé gbọ́dọ̀ jẹun kúrò nílé, mo bá jẹ ìrẹsì yó bámúbámú. Ìgbà tí mo débẹ̀, ọ̀dùnkún àti ẹja ló kún orí tábìlì. Mo jókòó, mo ń retí ife tíì mi. Wọ́n ń wò mí, mo ń wò wọ́n. Wọ́n rò pé oúnjẹ àwọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ojú wọn sì fà ro. Ìgbà tí mo wá ṣàlàyé fún wọn lẹ́yìn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ àwọn.

Tó bá jẹ́ ìtura nìkan ni ẹ bi mí, ẹjọ́ ti tán. Ilé Bọ̀dá ló tura jù. Ọmọdé tó bá dé ilé méjèèjì á sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ Màámi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Tí ẹ bá kírun àárọ̀ tán, níbo lẹ máa ń lọ? Ojúde ni. Ẹ ó gbé ara lé bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ ìbòòji ilé, pákò á wà lẹ́nu yín, igbá ẹ̀gúsí tí ẹ fẹ́ bó á wà lẹ́sẹ̀ yín. Kò sí ẹni tó máa kọjá tí kò ní sọ pé ẹ kú ìjókòó o, Ìyá Ràṣídì. Ẹ ó bi í léèrè ìyàwó, ẹ ó bi í léèrè ọmọ, ẹ ó bá ẹlòmíràn wí pé bàtà rẹ̀ ti já. Kí oòrùn tó mú, ẹ ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjà títí dé gáréèjì. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò tíì sí ẹni tó kí mi kú ìjókòó.

Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́dọ̀ Bọ̀dá. Mo gbé àga sí iwájú ilé, mo gbé Fárídà lé ẹsẹ̀, mo ń retí ẹni tó máa kọjá. Kò sẹ́ni tó kọjá. Mọ́tò ni wọ́n ń gbé wọnú ilé, ilẹ̀kùn ńlá kan á gbéra sókè fúnra rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, mi ò mọ bí ẹsẹ̀ ará ilé kejì ṣe rí. Ìgbà tó pẹ́, mọ́tò kan rọra dúró, obìnrin inú rẹ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé ni, bóyá kí òun bá mi pe ẹnìkan. Kí Bọ̀dá tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnìkan ti ránṣẹ́ sórí fóònù wọn pé obìnrin àjèjì kan jókòó síwájú ilé wọn. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rọra sọ fún mi pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé, Màámi! Níbi tí àwa ń da omi ẹlẹ́gbin sí, tí a ń so ẹran mọ́.

Mo tún gbìyànjú ẹ̀ níbí lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn kọjá níbí, ìyẹn dáa ju ti Amẹ́ríkà lọ. Bàbá kan ń bọ̀, ó wò mí, ó béèrè pé ṣé ara mi yá. Inú mi dùn. Mo dìde bí ọmọ tí a kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ara yá díẹ̀, pé orúnkún ìyá mi ló ń dà wá láàmú, pé ọyẹ́ ọdún yìí le ní ìlú wa. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti kọjá ilé mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn, wọ́n ń béèrè, wọn kì í dúró gbọ́. Mo gbé àga mi wọlé.

Gbogbo èyí, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mi ò lè fi rẹ́rìn-ín, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Mo lọ sílé Màmá Jíìn láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń lọ. Mo ṣílẹ̀kùn, mo kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, mi ò gbọ́ ohùn. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo bá wọn. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ṣubú síbẹ̀, egungun ìbàdí wọn ti dá, ẹnu wọn ti funfun. Bọ́tìnì pupa kan wà lọ́rùn wọn tí wọ́n fi okùn so, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, èèyàn á wá. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Mo ń sunkún, mo ń bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní àsìkò tíì ni, àwọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nídìí oúnjẹ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ó sọ fún mi pé òun gbọ́ tó dún gbì, òun rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èèyàn dáadáa ni, ojú ń tì í. Màmá Jíìn ṣì wà ní ọsibítù báyìí, mo lọ kí wọn lánàá, wọn ò dá mi mọ̀ dáadáa.

Mo wá rántí tiyín. Ọjọ́ tí ẹ ṣubú, ẹ ò ní bọ́tìnì kankan lọ́rùn. Ẹ ò tiẹ̀ lè pariwo. Ìyá Délé ló ròyìn rẹ̀ fún mi: Bàbá Sáídù ń gun kẹ̀kẹ́ wọn kọjá, ẹnu wọn ti sọ pé ẹ kú ìjókòó kí ojú wọn tó rí i pé kò sẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n lọ díẹ̀, ara wọn kò gbà á, wọ́n yí kẹ̀kẹ́ padà. Wọ́n dúró lójúde, wọ́n ń pe Ìyá Ràṣídì, Ìyá Ràṣídì. Ìgbà tí wọn ò gbọ́ ohùn yín ni wọ́n sáré lọ pe Ìyá Délé. Ìgbà tí wọ́n fi gbé yín jáde, omi tí ẹ fẹ́ fi ṣe àlùwàlá ìyálẹ̀ta kò tíì tutù nínú bútà.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ pé èèyàn laṣọ. Mo rò pé òwe lásán ni tẹ́lẹ̀.

Ìdájọ́ mi rèé, kí gbogbo ẹbí gbọ́. Ẹ má lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ má sì wá sọ́dọ̀ mi. Bọ̀dá mi, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi kun yàrá yẹn, mo sì mọ̀ pé ẹ ó sọ pé mi ò fẹ́ kí Màámi jẹ ìgbádùn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù lẹ ń jáde, ìyàwó yín ń jáde, Fárídà ń lọ sílé ìwé. Ta ló máa mọ̀ bí Màámi bá ṣubú? Fíríìjì ni? Ẹ jẹ́ ká pa ọwọ́ pọ̀ lórí ilé tó wà nílẹ̀. Ká ní kí àwọn oníṣẹ́ hú táìsì dídán inú balùwẹ̀ yẹn, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tí kò ní yọ̀ tẹ́ ẹ, kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Ìyá Kékeré, mo bẹ̀ yín, ẹ kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ jọ máa gbé. Yàrá Bàbá ti wà lófìfo tó.

Màámi, ẹ bi mí níbi tí ilé ti tura jù. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá, ọkàn Bọ̀dá ló máa tura. Bí ẹ bá wá síbí, tèmi ni. Ẹ̀yìn ìyá ẹlòmíràn ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò rí ti ìyá mi wẹ̀. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń fẹ́ pe Bọ̀dá kí n sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú yín, pé èmi ni mo ni yín, kí ẹ wá jókòó sínú ilé tútù yìí kí n ṣáà lè rí yín tí mo bá tibi iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára sọ èyí síta kó tó di pé mo yí ọkàn padà.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà. Á fi òróró sí orúnkún yín. Kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pàdé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà kí wọ́n gba ìkúnlẹ̀ mi, ọmọdé kí wọ́n gba ìfẹ́ mi.

Èmi ni Mùjídátù, ọmọ yín tó ń wá yín lójoojúmọ́, tó sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má wá.